Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Onílé-Ìwé Aládàáni ní Àgbádárìgì: Ìtanràn Kò Lè Tún Gẹ̀ẹ́sì Ọmọ Ṣe

Ẹ̀yin olùdásílẹ̀ àti ọ̀gá ilé-ìwé aládàáni, láti Ajárà títí dé ojú ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi sínú báàgì àwọn ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ló fà á tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ìwé náà ní ọmọ tó bá sọ Yorùbá tàbí Ògù nínú ọgbà ilé-ìwé yóò san owó ìtanràn, ó ní tíṣà pàápàá kò gbọdọ̀ fi fanákúlà, ìyẹn èdè abínibí, ṣàlàyé ohunkóhun, àgàgà lásìkò iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí tí ẹ fi síbẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ ti bàjẹ́ jù.

Ó bàjẹ́ lóòótọ́. Oògùn tí ẹ wá fẹ́ lò sí i ni mi ò gbà. Gbólóhùn kan wà nínú ọ̀kan lára àwọn ìwé yẹn tó kà báyìí: "Any pupil caught speaking vernacular will be fine." Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọmọ tí wọ́n bá mú, àlàáfíà ni yóò wà. Lẹ́tà d kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ló sọ ìyà di ìre. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣìṣe yẹn ní ibi tó ti wá, inú èdè tí ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ló sì ti wá. Ẹni tí kò bá gbé èdè méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò lè rí i. Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀rí mi sílẹ̀.

1. Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà d yẹn ná. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sì í gun ara wọn. Ìdí nìyẹn tí "bread" fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa, tí "class" di kíláàsì. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ń kó kọ́ńsónáǹtì jọ sí ìparí ọ̀rọ̀: "asked" ń fi mẹ́ta parí tẹ̀léra-tẹ̀léra. Etí ọmọ kì í gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ kì í pè é, nígbà tó bá yá, ọwọ́ rẹ̀ kì í kọ ọ́. Ibẹ̀ ni "I am suppose to go" ti jáde, àti "I use to live in Topo", àti "He was punish", àti "She walk to school". Ibẹ̀ náà ni "fry rice" tó wà lára pátákó àwọn olóúnjẹ ti wá.

Tíṣà lè máa ṣàlàyé past participle fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò ní wọlé, nítorí etí ló ń dà á láàmú, kì í ṣe gírámà. Ẹ wo bí -ed ṣe ń dún. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bíi "wash", "cook" àti "laugh", bíi t ló ń dún. Lẹ́yìn "fine", "call" àti "play", bíi d. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó bá fi t tàbí d parí, ó ń di sílébù odidi: "wanted", "needed". Ọmọ tó ń kọ "I walk home yesterday" kì í sábà já -ed "wanted" sílẹ̀, nítorí sílébù odidi ni ìyẹn, etí Yorùbá gbọ́ ọ. Ọmọ náà mọ òfin, ohùn ló sọnù sí i létí. Àpèkọ ni oògùn èyí: gbólóhùn márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí gbogbo gbólóhùn náà ní -ed tàbí -s nínú. Kí tíṣà kọ́kọ́ pè é jẹ́jẹ́, kó tún pè é bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lásán.

2. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í pààrọ̀ aṣọ. "Mo lọ sí Agbálátà": gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé mo ti lọ, mo sì ti dé. Tí a bá fẹ́ sọ àsìkò mìíràn, ọ̀rọ̀ kékeré la máa ń fi síwájú rẹ̀: ń, ti, yóò, máa ń. "Lọ" fúnra rẹ̀ kò yí padà. Nítorí náà, ọmọ tó kọ "I go to Agbalata yesterday" gbà pé "yesterday" ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán. Lédè Yorùbá, ó ti ṣe é tán lóòótọ́.

Èyí tó wá burú jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí tíṣà bá ti fi ẹgba kọ́ ọ ní past tense. Ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "I did not went" àti "Did you saw him?" Ó ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ àná gbọ́dọ̀ ní àmì, ó wá fi àmì sí ibi méjì. Ẹ sọ fún un lédè tó yé e pé ẹrù kan ṣoṣo ni, orí kan ṣoṣo ló ń rù ú. Tí "did" bá ti dé, òun ló gba ẹrù náà, "went" á padà di "go". Bákan náà ni -s tó ń bá he, she àti it rìn: "He goes", ṣùgbọ́n "He does not go", "Does he go?" Ẹ kọ "He goes" sójú pátákó, ẹ fi dọ́sítà nu -es kúrò lára "go", ẹ gbé e lọ sára "do" níṣojú wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún un. "Can goes", "must to go" àti "to went" á gba ibẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Yorùbá kì í sì í ṣe orísun àṣìṣe nìkan, ó tún ń gba ọmọ lọ́wọ́ òmíràn. "I am having two brothers", "I am knowing him": ẹ bi kíláàsì léèrè bóyá ẹnikẹ́ni máa ń sọ pé "Mò ń ní ẹ̀gbọ́n méjì" tàbí "Mò ń mọ̀ ọ́n". Ẹ̀rín ni wọ́n máa rín. Ibi tí Yorùbá kò bá ti gba ń, Gẹ̀ẹ́sì náà kì í sábà gba -ing níbẹ̀. Ẹ wo irinṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gba owó ìtanràn lé lórí!

3. Ó, rẹ̀ àti wọ́n. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù.

"My mother is a trader. He sells fish." Kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé obìnrin ni ìyá òun. "Ó" wa ni kò ya akọ sọ́tọ̀ lára abo, kò tilẹ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀ lára ewúrẹ́. "Rẹ̀" tún burú jù ú lọ. Ọmọ á kọ "Tunde greeted her mother" nígbà tó jẹ́ pé ìyá Tunde gan-an ló ní lọ́kàn. Ojú rẹ̀ wà lára ìyá, ó sì yẹ kó wà lára Tunde, nítorí ẹni tó ni nǹkan ni his àti her ń tẹ̀lé. Àwọn ọmọ wa tó sún mọ́ ẹnubodè ni èyí ń kó bá jù, nítorí òdìkejì ni ti Faransé. Wọn a máa sọ pé "sa mère" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ló ni ìyá náà, nítorí ohun tí a ní ni èdè yẹn ń wò, kò wo ẹni tó ni ín. Ọmọ tó ń kọ́ èdè méjèèjì láìsí àlàyé á máa fi ọ̀kan ba èkejì jẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan "wọ́n". "My father has gone to the market, they have not come back." Ọmọ tó kọ èyí kì í ṣe òpè, ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni. Lójú rẹ̀, kí a pe bàbá ẹni ní "he" dà bí ìgbà tí a bá pe àgbàlagbà ní "ìwọ". Ta ló máa là á yé e pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní wọ́n ọ̀wọ̀, pé "he" kì í ṣe ìwọ̀sí níbẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè ṣàlàyé rẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ohun tó ń jẹ́ wọ́n ọ̀wọ̀.

"Wọ́n" kẹta, lẹ́yìn ti ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ti ọ̀wọ̀, ni ti ẹni tí a ò mọ̀ tàbí tí kò ṣe pàtàkì. "Wọ́n bí mi sí Àgbádárìgì" di "They born me in Badagry". "Wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́" di "They sacked him". Níbí gan-an ni ilẹ̀kùn passive voice wà. Ní ọdọọdún ni àwọn ọmọ ń há a sórí bí orin, "object becomes subject", tí wọn kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa lò ó. Ẹ sọ fún wọn pé ibi tí Yorùbá bá ti lo "wọ́n" tí a kò sì lè na ìka sí ẹnì kankan, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo was tàbí were pẹ̀lú ìrísí kẹta ọ̀rọ̀-ìṣe: "I was born in Badagry", "He was sacked". Ọgbọ̀n gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọ́n tó: kí wọ́n pín in sí mẹ́ta, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sí "they", ti àgbà kan sí "he" tàbí "she", ti ẹni tí a ò mọ̀ sí passive. Tíṣà tó bá ṣe èyí ní iṣẹ́ méjì ti ṣe ohun tí ìwé gírámà fi orí mẹ́ta ṣe.

4. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹnì kan bá bi wá pé "Ṣé o ò tíì jẹun ni?", ebi sì ń pa wá, "Bẹ́ẹ̀ ni" la máa dáhùn, ìyẹn ni pé bí o ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí. Ọ̀rọ̀ olùbéèrè ni Yorùbá ń gbà. Gẹ̀ẹ́sì kò wo olùbéèrè, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń wò: "No, I haven't." Ẹ wá rò ó wò pé tíṣà pe ọmọ síwájú: "Didn't you take the money?" Ọmọ tí kò mú owó á dáhùn pé "Yes, sir." Ó ti jẹ́wọ́ olè tí kò jà. Fanákúlà sì rèé, wọ́n ti kà á léèwọ̀, kò lè sọ ohun tó ní lọ́kàn. Òfin rẹ̀ kò le: gbàgbé bí wọ́n ṣe béèrè, bí "not" yóò bá wà nínú ìdáhùn rẹ, "No" ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

"Àbí?" pẹ̀lú wà níbẹ̀. Tiwa kò yí padà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìbéèrè fi ń di "isn't it?" lẹ́nu wa: "You are coming, isn't it?" Ti Gẹ̀ẹ́sì ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níwájú, ó sì ń dojú rẹ̀ kọ òdìkejì: "aren't you?" Bí kò bá sí ọ̀rọ̀-ìṣe olùrànlọ́wọ́ bíi are tàbí can nínú gbólóhùn, ẹ yá do, does tàbí did: "She sells fish, doesn't she?"

5. Ọ̀rọ̀ kan wa, méjì tiwọn. "Yá mi ní bírò" àti "Mo yá bírò": yá kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ya lend sọ́tọ̀ fún ẹni tó fi sílẹ̀, ó ya borrow sọ́tọ̀ fún ẹni tó gbà á, "Borrow me your biro" kò sì tọ̀nà. "Kọ́" náà ń bẹ fún tíṣà, ó ń bẹ fún ọmọ. Gbọ́ ń ṣe iṣẹ́ hear, understand àti smell. Sí àti ní ti gba in, on àti at mọ́ra: "in Badagry", "on the expressway", "at the market", "in March", "on Monday", "at 8 o'clock".

6. Àwọn tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. "Discuss about": "sọ̀rọ̀ nípa" ló bí i, ẹ yọ "about" kúrò. "Although it rained, but we went": ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀. "One of my friend": ọ̀rẹ́ pọ̀, "friends" ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa jẹ́ ẹyọ, "One of my friends is here." "The man that his wife died" di "whose wife died". Information, furniture, equipment àti advice kò gba s, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá lè fi "àwọn" síwájú wọn. "I look forward to hear from you" yẹ kó jẹ́ "hearing". Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Dear Sir" ń fi "Yours faithfully" parí, kò sí àmì kankan nínú "Yours".

7. Mo sì fẹ́ kí ẹ dá ìnkì pupa dúró lórí àwọn kan. "Sorry" fún ẹni tó kọsẹ̀, "well done" fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́: Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa nìyẹn, pẹ̀lẹ́ àti ẹ kú iṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ pé ará Lọ́ńdọ̀nù lè má lóye rẹ̀, kó sì parí síbẹ̀. Àwọn tíṣà kan tún ń pa máàkì ọmọ tó fi "But" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tàbí tó fi "with" parí rẹ̀. Kì í ṣe òfin gírámà, àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó dáńtọ́ ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ fi agbára yẹn lé -ed.

8. Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀. Ẹ máa ní tí ọmọ kò bá gbọ́ èdè mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì á wọ̀ ọ́ lára. Òótọ́ ni, níbi tí ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa bá pọ̀ tí ọmọ lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Nínú ọgbà yín, àwọn ọmọ ló ń bá ara wọn sọ ọ́. Ẹni tó ń sọ "I did not saw" ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń sọ "I did not went", ẹ̀rù ìtanràn kò sì jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn dúró bi ara rẹ̀ léèrè. Àṣìṣe ló ń le sí wọn lẹ́nu.

Ẹ máa tún ní ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà èdè abínibí ní 2025, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022. Èdè tí a fi ń kọ́ni ni ìyẹn ń sọ, kò ní kí ẹ gba owó lọ́wọ́ ọmọdé. Òfin Èkó tí Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé fọwọ́ sí ní 2018 sì sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kọ́ èdè kan láago mẹ́sàn-án, kí ẹ wá bu owó ìtanràn lé e láago mẹ́wàá?

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ìlú wa yìí kan náà sì ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1845, ọdún méjì lẹ́yìn tó ti to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Èdè méjèèjì ló gbé lé tábìlì kan náà.

Ẹ tún wo WAEC tí gbogbo wa ń sá fún. Máàkì 50 ni àròkọ: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún gírámà, àmì àti sípẹ́lì. Ààbọ̀ máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń gbé lọ nínú 10 tó kẹ́yìn yìí. Ogún -ed tó sọnù, 10 ti di òfo, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ọmọ náà dùn tó.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹ fagi lé ìtanràn náà pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọgbà, ẹ rọ̀ wọ́n, ẹ má gba owó wọn. Nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí tíṣà lómìnira láti kọ gbólóhùn Yorùbá sápá òsì pátákó, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sápá ọ̀tún. Kí ọmọ Ògù náà sọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé tirẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ni Yorùbá máa ṣàlàyé.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣìṣe tó ní òpó mẹ́ta: ohun tí mo kọ, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́. Márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó. Kí wọ́n dán wọn wò lórí márùn-ún náà ní ọjọ́ Jímọ̀. Nínú àròkọ, kí tíṣà mú irú àṣìṣe kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan. Ìwé tó pupa láti òkè délẹ̀ kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, ńṣe ni ọmọ náà máa pa ìwé náà dé. Kí tíṣà Yorùbá àti tíṣà Gẹ̀ẹ́sì máa jókòó pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìdajì wákàtí péré.

Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹ dán an wò ní JSS1. Ẹ lo ọ̀nà yìí fún kíláàsì A, ẹ fi kíláàsì B sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Kí gbogbo wọn kọ àròkọ ojú ìwé kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹ ka -ed, -s, he àti she tó sọnù tàbí tó ṣìnà. Kí wọ́n tún kọ òmíràn ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kí ẹ tún un kà, kí tíṣà tí kò kọ́ èyíkéyìí nínú kíláàsì méjèèjì ló ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ka iye náà fún àwọn òbí ní ìpàdé PTA tó máa parí sáà.

Ọgbọ̀n gbólóhùn "wọ́n" tí mo mẹ́nu bà ní kókó kẹta wà nílẹ̀, àti gbólóhùn àpèkọ tó tó sáà kan. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan, Àgbádárìgì